Ihò Tó Kọjú sí Oko Filumena

Ẹ má bi mí ní ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń bọ nínú ilé òkúta tó wà lẹ́yìn abúlé wa ní erékùṣù Gozo. Èmi Ċettina, búrẹ́dì ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Nazju ni, ẹ jókòó.

Nazju nìkan ló kù láyé nínú ọkùnrin mẹ́fà tó tún ilé yẹn gbé dìde nígbà tí mo wà lọ́mọge. Òkúta tó ga ju ènìyàn méjì lọ ni wọ́n nà ró yíká àwọn yàrá tó rí bí ìdajì igbá. Lẹ́nu ọ̀nà, òkúta méjì á dúró, ìkẹta á dùbúlẹ̀ lé wọn lórí. Méjì ti ṣubú nínú wọn: ọ̀kan ò ní ihò kankan, èkejì ní ihò tí apá lè gbà kọjá. Àárín yàrá ńlá àti yàrá kékeré tó ṣókùnkùn ni oníhò yẹn ti wá, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Àmọ́ àjọ̀dún Santa Marija ku ọ̀la, ọ̀gá ti lọ mu wáìnì, ni Nazju bá ní kí wọ́n gbé oníhò sí ògiri ìta, kí wọ́n fi èkejì sí ipò rẹ̀. Nítorí kí ni? Nítorí Filumena ń da ewúrẹ́ nínú oko tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn ni!

Ó sì fẹ́ ẹ. Nazju di olùṣọ́ ibẹ̀, kò sì lè fi ilé òkúta náà sílẹ̀ lọ jẹun. Fún ọdún mẹ́tàlélógójì, lọ́sọ̀ọ̀sán, á gé búrẹ́dì olóróró àti tòmátì sí méjì, á ti ìdajì bọ inú ihò, ọwọ́ Filumena á gbà á lódì kejì.

"Olè òkúta," lobìnrin náà máa ń pè é. "Kó o tó kú, o máa dá ihò onínǹkan padà fún wọn."

Nazju á ní ó di ọ̀la.

Ó pé ọdún mẹ́ta tí Filumena ti kú. Wọn ò bímọ. Nazju ò yéé ti búrẹ́dì bọ ihò, alángbá ló ń jẹ ẹ́. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú sì tún ń bí mi, torí búrẹ́dì mi ni!

Ìgbà tó yá, Ramona dé, ọ̀mọ̀wé tó ń kọ ìwé nípa irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó ní inú ilé ni ihò máa ń wà níbi gbogbo, tiwa nìkan ló ń wo ìta.

"Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bá a? Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni màá kọ."

Nazju ní kó fún òun di ọjọ́ kejì. Nírọ̀lẹ́, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ċettina, mo fẹ́ sọ fún un."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Wọ́n máa yọ òkúta oníhò yẹn kúrò ńbẹ̀! Kí lo máa wá máa wò? Pa ẹnu ẹ mọ́ jàre. Àwọn tó kọ́lé yẹn ti kú tipẹ́, wọn ò ní wá bèèrè."

"Filumena ló bèèrè."

Mo bá wé búrẹ́dì rẹ̀ fún un.

Nazju sọ ọ́ fún Ramona. Ramona bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ bó ṣe rí ojú bàbá, ó dá ẹ̀rín dúró. Nínú oṣù kẹta, wọ́n gbé kirénì wá, wọ́n pààrọ̀ àwọn òkúta méjèèjì. Nazju fúnra rẹ̀ ló júwe fún wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó fi ojú sí ihò náà. Yàrá kékeré ló rí, òkùnkùn biribiri.

"Ó ti tọ́ báyìí," ló wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mi ò bá a lórí àga olùṣọ́. Inú oko Filumena ni mo ti rí i, koríko ti bo orúnkún rẹ̀, ó jókòó kọjú sí ògiri tí ò níhò mọ́.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, mo ti wá ẹ tì! Kí lò ń wò níbẹ̀?"

Mo jókòó tì í. Ó ti gé búrẹ́dì sí méjì, ó sì ti jẹ ìdajì. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi sí.