Ahéré Bàbá Àgbà, Bí Kẹ́hìndé Ṣe Yà Á

Òórùn koríko bẹẹrẹ tí òjò pa mọ́jú ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí oko bàbá wa àgbà, lọ́nà Ìdèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ìsinmi, èéfín ń yọ lórí ahéré bàbá, ìkùukùu bo àpáta ẹ̀yìn rẹ̀, èmi Táyé àti Kẹ́hìndé, èkejì mi, sì jókòó ti iṣu tí a ń sun. Kẹ́hìndé ṣa èédú kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ahéré náà sẹ́yìn páálí ọṣẹ. Èmi náà mú èédú, mo ya tèmi sẹ́yìn páálí mìíràn.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, Kẹ́hìndé mú tirẹ̀ lọ, tíṣà wa sì gbé e kọ́ sára ògiri kíláàsì. Ó ní, "Ẹ wo bí òrùlé yẹn ṣe tẹ̀ síwájú! Ọmọ yìí lójú inú." Mo délé, n kò lè jẹun.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìbejì kì í jowú ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ni jù lọ ni owú rẹ̀ ń jóni jù.

Ìyá wa kì í fún ọ̀kan kó má fún èkejì. Ó máa ń sọ pé, "Ohun tí a bá ṣe fún Táyé, ká ṣe é fún Kẹ́hìndé." Ẹ̀rù ń bà á pé bí inú ọ̀kan bá bàjẹ́, ó lè padà sọ́run. Lọ́jọ́ kejì, ó mú páálí tèmi, ó di ilé ìwé.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ìbejì ni wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kò lè gbé ọ̀kan kọ́, kí ẹ pa èkejì tì."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó gbé tèmi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kẹ́hìndé. Inú mi dùn títí àwọn ẹgbẹ́ wa fi wọlé.

"Táyé, ahéré nìyí àbí adìyẹ tó sàba?"

Ká ní tèmi wà nílé ni, ta ni ì bá mọ̀? Ìdọ́gba tí ìyá mi wá fún mi ló tú mi fó. Kẹ́hìndé bá mi lẹ́yìn kíláàsì níbi tí mo ti ń sunkún.

"Dákẹ́, jàre. Ṣebí èmi ni mo rán ọ wáyé? N óò bá ọ tún un yà."

Àánú yẹn dùn mí ju ẹ̀rín wọn lọ.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kẹ́hìndé ń yàwòrán títí dòní. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń wá rà á. Ojú wa jọra débi pé àwọn èèyàn máa ń dá mi dúró lọ́jà: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o! A rí ahéré tí ẹ yà." Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá ti bú sẹ́kún. Àgbàlagbà tí mo dà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sọ òótọ́ fún wọn pé, "Kẹ́hìndé ni o." Ṣùgbọ́n n kì í tètè sọ ọ́. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kí mi tán ná.