Ilẹ̀ Tí Mo Tẹ̀ Pa

Ara mi kò balẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn. Tí mo bá ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tán ní Òwu, ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ sí oko ìyá mi lọ́nà Papalanto, kí n lè wò ó bóyá ilẹ̀ tó le ti bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Èmi ni mo ba ilẹ̀ náà jẹ́. Òjò rọ̀, ilẹ̀ alámọ̀ náà rin gbingbin, ṣùgbọ́n ó ti kàn wá láti lo katakata, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ipò wa. Ìyá mi bu erùpẹ̀, ó fún un lọ́wọ́, ó jù ú sílẹ̀. Kò fọ́.

"Kò tíì yá o. Jẹ́ kó gbẹ ná."

Mo ní ayé ti kọjá ìyẹn, mo sì jẹ́ kí katakata wọ oko, táyà rẹ̀ sì tẹ ilẹ̀ tútù náà pa. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko lóòótọ́: ẹ̀gẹ́ tí a gbìn síbẹ̀ kò rí ilẹ̀ wọ̀, gbòǹgbò tín-ín-rín ló ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Ìyá mi kò bá mi jà. Ó kàn ń ra láfún lọ́jà lójú mi báyìí. Ojú tì mí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ oko ní Kánádà pè. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, omi inú ilẹ̀ máa ń di yìnyín nígbà òtútù, á wú, á ti erùpẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá yọ́, ilẹ̀ á rọ̀. Inú bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa fi yìnyín díẹ̀ ránṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Má jowú. Òkè ilẹ̀ nìkan ló ń rọ̀. Ibi tí táyà bá tẹ̀ dé nísàlẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tú. Ẹ̀ẹ̀rùn tilé náà á la ilẹ̀. Ṣáà gbẹ́ ẹ wò."

Ọyẹ́ dé, ilẹ̀ là débi tí ọwọ́ mi ń wọ inú rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n jó. Mo gbé ọkọ́, mo gbẹ́ ẹ. Kí ihò náà tó dé orúnkún mi, ọkọ́ ta padà gbàù.

Mo lọ bá ìyá mi nílé. Mo ní ẹ̀wà òtílí ni ká gbìn, pé gbòǹgbò rẹ̀ á máa dá ilẹ̀ náà lu díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tún gbé ẹ̀rọ wọ ibẹ̀.

"Ọdún mélòó?"

"Bóyá mẹ́rin, Màmá. Bóyá márùn-ún."

Ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Ó dáa. Tó bá rọ̀ tán, kó o gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ. Má dúró dè mí."