Kuwornu, Òpó Méje àti Orúnkún Togbui

Ọjọ́ tí Kuwornu káfíńtà fi tépù wọn orúnkún Togbui Amedor níwájú gbogbo ìlú ni wọ́n ṣì ń ròyìn jù ní Keta, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló sì ń ròyìn rẹ̀ dáadáa jù.

Òkun ń jẹ etíkun bọ̀. Kuwornu ra igi méje, ó ra ọ̀dà funfun, lápò ara rẹ̀. Ó kùn wọ́n, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ bí òpó, kí ìlú lè fi mọ ibi tí òkun dé, láti ẹnu omi títí dé ilé àwọ̀n, níbi tí wọ́n ń kó àwọ̀n ńlá tí gbogbo àdúgbò fi ń jẹun sí. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa lọ, omi ti gbé mẹ́ta. Ó dìde nípàdé.

"Ẹ jẹ́ ká tú ilé àwọ̀n, ká kó o lọ sẹ́yìn. Òpó mẹ́ta ti lọ. Ẹ lọ kà á."

Togbui Amedor, bàbá àgbà tó ni àwọ̀n, na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń bá òkun yìí ṣe. Orúnkún mi sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé omi ti ń padà sẹ́yìn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún orúnkún. Kuwornu kúnlẹ̀, ó fi tépù yí i ká. "Togbui, ẹ má bínú. Ínṣì mẹ́rìndínlógún. Mo wọ̀n ọ́n yíká, òkun kankan ò sí níbẹ̀."

Wọ́n ní kó fi àgbò kan tu Togbui lójú. Ó mú un wá, ó sì wọ̀n ọ́n kó tó fà á lé wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí òpó karùn-ún lọ, Kuwornu ò lè jẹ òkèlè akple tó wà níwájú rẹ̀. "Ṣé ojú wọn fọ́ ni? Òpó wà níta gbangba, oríkèé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ràn sí."

Dzatugbe ìyàwó rẹ̀ ní, "Òpó yín kì í kérora, bàbá Kafui. Ta ló máa ṣàánú igi? Ẹ sọ pé ìbàdí ń dùn yín."

"Kò dùn mí. Mi ò ní purọ́ nítorí òótọ́."

Dzatugbe dìde. Ó di ìbàdí ara rẹ̀ mú, ó tiro lọ bá àwọn tó ń fa àwọ̀n. "Ẹ gbà mí o. Ìbàdí mi. Òkun ń bọ̀." Togbui ní orúnkún òun ò tíì mú òun ké báyìí rí, ó gbà fún ìbàdí. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti tú ilé àwọ̀n, Togbui fúnra rẹ̀ ló ru ilẹ̀kùn.

Kí oṣù náà tó parí, omi ti gba ibi tí ilé àwọ̀n wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìlú gbé ẹja wá kí ìbàdí. Òpó méje, kò sẹ́ni tó gbé ẹyọ ẹja kan wá kí i.

"Ṣé ó tiẹ̀ dùn ẹ́ lóòótọ́?" Kuwornu bi í.

"Ẹ gbé tépù yín wá, kí ẹ wọ̀n ọ́n."

Títí Kuwornu fi kú ni ọ̀rọ̀ náà ń bí i nínú. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, Togbui Amedor gba tépù lọ́wọ́ Dzatugbe, ó rọra fi orúnkún òsì yẹn kúnlẹ̀, ó wọn pósí, ó sì wọn sàréè.

"Ẹ fi ínṣì méjì kún un. Ẹ̀yin náà mọ Kuwornu. Tó bá kúrú, á jí bá wa jà."

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Bàbá náà tún un wọ̀n, ó ká tépù dáadáa, ó fi lé orí pósí. Dídìde wá dìjà, àfìgbà tí Dzatugbe fà á lọ́wọ́.

"Ṣé ó ti tó, Togbui?"

Togbui ń ra orúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ó tó. Orúnkún yìí náà gbà bẹ́ẹ̀."