Sàlímọ́nù Alágbẹ̀dẹ, Ọ̀gá àti Ọmọṣẹ́ Ara Rẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Sàlímọ́nù alágbẹ̀dẹ ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ tó dọ̀bálẹ̀ fún ara rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Àwọn ìjòyè ló pàṣẹ pé ìlú yóò máa bọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ irin títí yóò fi gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, nítorí ìbọn ń bàjẹ́, àwọn tó lè tún un ṣe kò sì pọ̀. Bàbá wá gba oúnjẹ ọmọṣẹ́. Òun nìkan ló wá.

“Ọmọṣẹ́ yín dà?” Mọ́ṣúdù tó ń pín oúnjẹ bi í.

“Èmi nìyí.”

“Ọ̀gá rẹ̀ ńkọ́?”

“Èmi náà ni.”

Mọ́ṣúdù ní ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí. Bàbá ṣí fìlà, ó gbé e ka orí àpótí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún fìlà náà. Ó dìde, ó dé fìlà padà, ó ní, “Mo gbà ọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ọ̀lẹ o.” Àwọn ìjòyè tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fún un níṣu.

Kì í kúkú ṣe pé kò wá ọmọṣẹ́. Èkó ló ti sá wá nígbà ogun. Ìyàwó rẹ̀ kú, kò sì bímọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ní láti fi sílẹ̀ fún ẹnìkan, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún gan-an. “Bí mo bá kú,” a máa bi ẹni tó bá dúró, “ta ni yóò mọ ohun tí mo mọ̀?” Ẹni náà á ní òun ń lọ sọ́jà.

Bísíríyù apẹja gbìyànjú láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti orí irin tí bàbá bàbá rẹ̀ lò. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ìtàn rẹ̀ kò tíì dé orí irin bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo la máa fọwọ́ kan irin?”

“Irin ń lọ síbì kan ni?”

Irin ò lọ, Bísíríyù ló lọ. Ó di oníṣòwò epo ní Èjìnrìn. Láti ìgbà náà ni à ń gbọ́ ohùn Bàbá nínú àgbẹ̀dẹ pé, “Fẹ́ná dáadáa, ìwọ!” Òun náà á tún dáhùn pé, “Ẹ má bínú, ọ̀gá.”

Òun ló ṣe ẹ̀rọ tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ obìnrin kan, Kúlúsúmù, tó ń kó èrò lọ sọ́jà, ló fi kọ́kọ́ dán an wò. Ní àárín ọ̀sà, ó tẹ ẹ̀rọ, omi ọ̀sà sì rọ́ wọnú ọkọ̀.

“Bàbá, ẹ ń rì wá!” Kúlúsúmù kígbe.

“Ẹ ò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́? Ó kàn kọjú sódì ni!”

Àwo ata ni èrò fi gbọ́n omi dé èbúté. Ṣùgbọ́n Bàbá tún un ṣe, ọkọ̀ Kúlúsúmù sì gbẹ fún ọdún mélòó kan. Bó bá ti ń kọṣẹ́, Bàbá á tún un ṣe.

Àìsàn díẹ̀ ló mú un lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀rọ náà dákẹ́, Kúlúsúmù sì ti gbé e dé àgbẹ̀dẹ kó tó rántí pé Bàbá ti kú. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Mọ́ṣúdù bá a níbẹ̀.

“Ṣé o ti wọ inú ibí rí?” Kúlúsúmù bi í.

“Rárá, Ìyá. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, tí mo ń fi Bàbá rẹ́rìn-ín.”

“Èmi náà.”

Àwọn méjèèjì wọlé, wọ́n jókòó. Kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ wọn mọ́.