Màmá Arìnhun àti Kúbùsù Tó Gbọ́dọ̀ Mọ Iṣẹ́ Rẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ Màmá Arìnhun lónìí, ohun tí àwọn èèyàn á kọ́kọ́ rántí ni ọjọ́ tó fi kúbùsù bo ọ̀gá ọ́fíìsì kan lọ́sàn-án gangan, títí ọ̀gá náà fi sùn lọ lórí àga iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń pín ohun ìrànwọ́ fún àwọn tí omíyalé lé kúrò nílé ni. Màmá hun kúbùsù lóríṣiríṣi, ó kó wọn wá fún àwọn ọmọdé tó wà nínú wọn, ọ̀gá náà sì ní òun ò gbà á.

“Tuntun nìkan là ń gbà, Màmá. Àlòkù ni èyí tí ẹ kó wá.”

“Àlòkù kọ́. Èyí tó ti kọ́ṣẹ́ ni.”

“Ẹnu ara yín lẹ fi sọ pé èèyàn ti sùn nínú wọn.”

“Èèyàn gidi ni wọ́n. Wọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó sùn.”

Aránṣọ, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó bá a gbé ẹrù wá, rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ pé kó fi ọ̀rọ̀ náà mọ bẹ́ẹ̀. Màmá yíjú sí i. “Ìyàwó mi, o ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.” Gbogbo ọ́fíìsì gbọ́ ọ.

“Ọ̀gá,” ni Màmá wí, “ṣé ẹ ti fi ọ̀kan bora wò?”

“Rárá o.”

“Ẹjọ́ tí ẹ ò gbọ́ lẹ wá ń dá yẹn.”

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti wọ ẹ̀yìn tábìlì lọ, ó ti bo ọ̀gá náà láti ọrùn dé orúnkún. Ọ̀gá ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Màmá ní kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣé òun dì í lọ́wọ́ ni? Òjò ti fọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ara gbogbo èèyàn tutù. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yí tábìlì po, ó ń hun òmíràn lọ, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ìtàn àwọn ọmọ tí omi lé. Kò tíì yí i po tó bẹ́ẹ̀ tí orí ọ̀gá fi já sí àyà. Akọ̀wé rẹ̀ gbé tíì wọlé, ó rí ohun tó rí, ó yọ́ ẹsẹ̀ padà sẹ́yìn.

Nígbà tí ọ̀gá jí, ó nu ẹnu, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ẹ kó wọn wọlé,” ló wí.

Màmá na ọwọ́ sí èyí tó wà lára rẹ̀. Ọ̀gá dì í mú.

“Ṣé ẹ ò lè fi ẹyọ kan yìí sílẹ̀?”

“Ti ọmọdé ni, ọ̀gá. Ẹ ò rí ẹsẹ̀ yín níta?”

Ẹsẹ̀ Màmá ló fún un lórúkọ tí gbogbo èèyàn fi ń pè é. Kò lè jókòó. Á há òwú sí abíyá, á máa rìn, abẹ́rẹ́ gígùn méjì á sì máa lọ á máa bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń hun lórí ìlà ní báńkì, ó ń hun bó ṣe ń sọdá títì, àwọn onímọ́tò á sì dúró dè é kó fi parí ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oúnjẹ pàápàá, ìnàró ló fi ń jẹ ẹ́. Á bu ṣíbí kan, á rìn dé ojú fèrèsé, á padà wá bu òmíràn. Nígbà tí aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé wọn, ó rò pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́, ó wá ń gbé àwo tẹ̀ lé e kiri pálọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. “Gbé e kalẹ̀ jàre,” ló wí. “Wọ́n mọ ibi tó wà.”

Ìgbà kan wà tí orúnkún ń dun Màmá, tí dókítà ní kò gbọdọ̀ jáde nílé títí yóò fi fúyẹ́. Màmá gbà, gbogbo ilé sì dúpẹ́. Kò pẹ́ tí ayálégbé tó wà nísàlẹ̀ fi gòkè wá béèrè pé ṣé wọ́n ń kó ẹrù jáde ni, nítorí láti àárọ̀ ni àjà òun ti ń dún. Aránṣọ wọ yàrá, ó bá Màmá níbi tó ti ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ilẹ̀kùn, òwú lábíyá.

“Màmá, ṣebí dókítà ti sọ̀rọ̀?”

“Ó ní kí n má jáde. Ṣé mo jáde?”

Ọdún tí odò kún àkúnya, tó gbé ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú lọ, wọ́n kó àwọn ọmọdé àti òbí wọn sínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Màmá lọ wò wọ́n. Nígbà tó padà dé, ó da gbogbo òwú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń kà wọ́n.

“Wọn ò sùn,” ló wí. “Bí òjò bá ti kan páànù báyìí, gbogbo wọn á dìde dúró. Ìyàwó mi, ọmọ tí oorun ń pa kú lọ, á máa fi ìka la ojú ara ẹ̀. Òjò ńlá ò sì tíì dé.”

Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ tí kì í gbélé tẹ́lẹ̀ wá ya wèrè. Òwú ọjà tán, ó bọ́ sórí òwú ilé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, fi súwẹ́tà rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga, ó lọ wẹ̀. Ìgbà tó fi jáde, Màmá ti tú u, apá òsì nìkan ló kù.

“Màmá, súwẹ́tà mi dà?”

“Òun ló wà níwájú ẹ yẹn.”

“Apá kan ni mò ń wò!”

“Ẹ̀ẹ̀mélòó lo wọ̀ ọ́ láti ọdún yìí?”

“Ẹ̀ẹ̀kan, àmọ́—”

“Apá kan tó ẹ nígbà náà.”

Iṣẹ́ aránṣọ ni láti fi ẹ̀rọ rán etí kúbùsù kó má baà tú. Ó rán èyí àkọ́kọ́ tán, ó ká a, ó rò pé ó parí. Màmá gbà á, ó gbọ̀n ọ́n.

“Ta ló ti sùn nínú ẹ̀?”

“Kò sí o, Màmá. Tuntun ṣá ni.”

“Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn. Kúbùsù tí ẹnì kankan ò tíì sùn nínú ẹ̀, òpè ni. Ṣé ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ló máa wá kọ́ ọ níṣẹ́?”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pín kúbùsù yí àdúgbò ká nìyẹn. Ẹni tó bá gbà á á fi sùn mọ́jú, aránṣọ á fọ̀ ọ́, á sá a, wọ́n á tó dì í. Àràárọ̀ ni Màmá ń kanlẹ̀kùn kiri láti béèrè bí oorun ṣe rí. Onífọ́tò ní ó dára. Onílé ní kò tíì dá òun lójú, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un dán wò. Ẹnu káfíńtà ló kó o sí wàhálà: ó ní ó ń yún òun díẹ̀ lọ́rùn. Màmá tú kúbùsù náà palẹ̀ lójú rẹ̀, ó tún un hun, ó gbé e padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, káfíńtà fi ara họ ògiri mọ́jú, ṣùgbọ́n ó ti kọ́gbọ́n.

“Ah, Màmá, mo sùn bí ọmọ ọwọ́.”

Màmá wo ojú rẹ̀. “Irọ́ lo ń pa. Ojú ẹ pọ́n bí ata.” Ó tún tú u.

Ìdí tí ọ̀gá ọ́fíìsì fi pe kúbùsù wọ̀nyẹn ní àlòkù nìyẹn, aránṣọ sì mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kò parọ́. Bí ọ̀gá náà ò bá sùn lọ́jọ́ yẹn, orí ṣìmẹ́ńtì lásán ni òjò ńlá ìbá ti bá àwọn ọmọ náà.

Ọdún tó kọjá ni Màmá Arìnhun kú, lójú oorun. Káfíńtà ní ikú gbọ́n. Ó ní ká ní ìgbà tí ojú Màmá là ló wá ni, ojú títì ni ìbá ṣì ti máa lé e lọ títí di ìsinsìnyí. Gbogbo àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ọ́fíìsì pàápàá wá, ó fúnra rẹ̀ sọ ìtàn tirẹ̀, ó ní òun kàn di ojú ni, òun ò hanrun. Akọ̀wé rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá ní ó hanrun. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìyàwó, ìwọ lo bá wọn gbé,” ni onílé wí. “Sọ tìrẹ fún wa.”

Aránṣọ nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ti ìrọ̀lẹ́ tí òun àti Màmá kó kúbùsù dé gbọ̀ngàn, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọ́ rí.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín kúbùsù tán ni òjò dé. Bó ṣe kan páànù, àwọn ọmọ náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, kúbùsù ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Àwọn òbí wọn pè wọ́n títí, wọn ò dáhùn. Màmá dúró sáàárín gbọ̀ngàn, ó ń wò wọ́n. Gbogbo kúbùsù tó ti kọ́ṣẹ́ wọ̀nyẹn, kò sí èyí tó rí nǹkan kan ṣe.

Ni Màmá bá bọ́ bàtà. Ó dùbúlẹ̀ sórí ṣìmẹ́ńtì, ó fa kúbùsù kan bora, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Aránṣọ ò tíì rí i kó dùbúlẹ̀ lójú èèyàn rí.

Ọmọbìnrin kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká rìn padà wá. Ó fi ìka tọ́ ọ léjìká.

“Màmá, òjò ń rọ̀ o.”

“Mo gbọ́. Mò ń sùn.”

“Ẹni tó ń sùn kì í sọ̀rọ̀.”

“Ta ló sọ fún ẹ? Wá sùn, kó o wò ó bóyá ẹnu ẹ máa dí.”

Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rò ó wò, ó wọ abẹ́ kúbùsù, ó di àtàǹpàkò Màmá mú gírígírí. Òmíràn wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òmíràn tún wá. Nígbà tó yá, òjò nìkan ló ń pariwo nínú gbọ̀ngàn náà.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí Màmá létí. Ojú Màmá là kedere, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lábẹ́ kúbùsù.

“Màmá, ó ti sùn. Ẹ dìde.”

“Bí mo bá gba ọwọ́ mi, á jí.”

“Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”

“Jẹ́ kó máa dùn mí. Jókòó tì mí, ìyàwó mi. Má lọ.”

Aránṣọ jókòó sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ lé itan, ó ń rọra wọ́ ọ, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn méjèèjì tí wọn ò jókòó sójú kan náà rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn. Màmá ò mira títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, tí ọmọ náà jí, tó sì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, àwọn òbí tó wà níbẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Aránṣọ sọ fún àwọn tó wá kẹ́dùn pé òun dúpẹ́ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n òun ò ní purọ́: ó dun òun pé ilẹ̀ mọ́.