Ọwọ́ Kan Sókè ní Olókèméjì

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1985, orúkọ ọkùnrin 412 ló wà nínú ìwé àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi fún ilé iṣẹ́ kan ní èbúté Àpápá. Ènìyàn 260 ni ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kó kù. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí wọn yóò ṣe yọ àwọn yòókù. Wọ́n kàn lẹ ìwé mọ́ ara géètì ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́: kí oníkálukú wá jẹ́ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó mú káàdì rẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá dáhùn, ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Sànúsí rí ìwé náà. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú Oghenemaro, ọmọ Ùròbò tó ń wa wíǹṣì fún ikọ̀ wọn, ẹ̀rọ tó ń fi okùn irin gbé ẹrù jáde láti inú ikùn ọkọ̀. Oghenemaro kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tutọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ọ̀la lẹ ní ẹ̀ ń gbé ìyàwó yín lọ wo òkè?"

"Ọ̀la ni."

"Ẹ má lọ o. Abeg. Òkè yẹn ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń sọ fún un pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la máa padà dé Ìddó. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀túnla ni wọ́n ní ká wá."

"Reluwé lẹ gbójú lé? Reluwé?" Oghenemaro rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rín in. "Tí wọ́n bá pe Sànúsí tí ẹ ò sí ńbẹ̀, mi ò lè bá yín dáhùn o. Ojú tèmi ò jọ ti ẹni tó ń gbààwẹ̀."

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Sànúsí. Láti Ìkirè ló ti wá sí Àpápá ní ọdún 1966. Ó fi orí ru àpò símẹ́ńtì fún ọdún méje títí ọrùn rẹ̀ fi kọ̀, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ẹnu ihò ọkọ̀. Ibẹ̀ ló wà láti ìgbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn tó ń so ẹrù wà, kí ó sì máa fi ọwọ́ sọ ohun tó ń rí fún Oghenemaro, tí kò lè rí wọn láti orí ìjókòó rẹ̀. Ìka tó ń yí po ní òkè: gbé e. Àtẹ́lẹwọ́ tó dojú kọ ilẹ̀: sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ kan tó nà tàntàn sókè, àtẹ́lẹwọ́ ní ṣíṣí, tí kò mì: dúró, ènìyàn wà nísàlẹ̀. Ariwo wíǹṣì kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ènìyàn, nítorí náà Sànúsí kì í pariwo. Ẹni tó bá ń pariwo lẹ́nu ihò ọkọ̀, kò mọ iṣẹ́ ni. Fún ọdún méjìlá, ẹrù kankan kò já lu ẹnikẹ́ni nígbà tí ọwọ́ Sànúsí bá wà lókè. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà kò sì retí ọpẹ́.

Ohun tó rí gbà nídìí iṣẹ́ náà ni àárẹ̀. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun òru kan lè wẹ̀ nù. Ó ti wọ inú eegun rẹ̀ lọ, ó ti di ara ìrìn rẹ̀. Láti ìgbà Iléyá, kò tíì fi ju ọjọ́ Àìkú mẹ́ta lọ sinmi, nítorí pé kọ̀ǹténà ti ń gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n bá pè tí kò wá ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbàgbé.

Olókèméjì ni wọ́n bí Àdùfẹ́ ìyàwó rẹ̀ sí. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń tún ojú irin ṣe níbẹ̀. Òkè méjì ló kọjú sí ara wọn ní ìlú náà, odò Ògùn ló sì gba àárín wọn kọjá nínú àfonífojì olókùúta. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Àdùfẹ́ nígbà tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí àgbàrá ti ń bá wọn lórí ẹní ní gbogbo oṣù kẹfà, ló ti ń sọ̀rọ̀ odò náà. Omi tí ènìyàn ń rí ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Àwọn ará ilé kò gbà á gbọ́. Wọn kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, reluwé kúrò ní Ìddó ní wákàtí kan lẹ́yìn aago tí wọ́n dá. Aṣọ kàkí iṣẹ́ ni Sànúsí wọ̀, nítorí òun nìkan ni aṣọ rẹ̀ tí kò ya. Ó fi káàdì sí àpò àyà, ó fi orí ti fèrèsé, ó sì ti sùn kí wọ́n tó dé Agége. Àdùfẹ́ gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín lé itan, ó ń wo ìta bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣe ẹlẹ́rìí.

"Bàbá Ṣìkẹ́mi, ẹ dìde. Lafẹ́ńwá rèé. Afárá rèé."

"Mo ti rí i."

"Ojú yín dì ńkọ́?"

"Mo rí i bẹ́ẹ̀ náà."

Obìnrin kan tó so adìyẹ méjì mọ́ ẹsẹ̀ àga rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́ ọkọ yín jàre. Owó ọkọ̀ ló san, kò sanwó ìran."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi bẹ̀ ẹ́," ni Àdùfẹ́ wí.

"Ẹ ò rí i pé àárẹ̀ ẹ̀bẹ̀ yín ló ń sùn."

Ó ti kọjá aago méjìlá kí wọ́n tó sọ̀ ní Olókèméjì. Ibùdókọ̀ kékeré ni, àwọn méjèèjì nìkan ló sì sọ̀. Ọ̀gá ibùdókọ̀ sọ fún wọn pé aago mẹ́rin ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn yóò kọjá, pé ìṣẹ́jú méjì péré ló ń lò, pé kò tún sí òmíràn títí di ọjọ́ kejì. Sànúsí ní òun gbọ́. Ó fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀.

Wọ́n rìn fún bí ìdajì wákàtí nínú koríko gbígbẹ kí ọ̀nà tó ṣẹ́rí sísàlẹ̀. Lójijì ooru dẹ̀. Àpáta dúró lọ́tùn-ún, àpáta dúró lósì, ó dúdú, ó ń dán, ó ga débi pé oòrùn kò dé ìsàlẹ̀. Odò ti fà nítorí ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n kò gbẹ. Ó ń gba àárín òkúta sọ̀ láti ọ̀kan bọ́ sí ìkejì, ó sì ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Àdùfẹ́ bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Mò ń rí gbogbo wọn," ni ó wí. "Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá."

Sànúsí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Òótọ́ ni.

Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín. Àdùfẹ́ ní odò náà kéré sí bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Sànúsí ní òun ló tóbi. Ó dùbúlẹ̀ lórí àpáta pẹrẹsẹ kan, ó ní kí òun kàn na ẹ̀yìn díẹ̀. Àdùfẹ́ ní òun á máa wo oòrùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́, kò sí wíǹṣì, kò sí ọkọ̀ ńlá tó ń fọn fèrè ní ọ̀nà Kírikìrì, kò sí ẹni tó ń kànlẹ̀kùn wá yá ìyọ̀. Àdùfẹ́ náà fẹ̀yìn lélẹ̀.

Fèrè reluwé ló jí wọn. Ó ṣì jìnnà, ní ìhà Ìbàdàn.

Sànúsí fò dìde. "Máa bọ̀ lẹ́yìn! Màá bá ọ dá a dúró!" Ó sáré gun òkè náà bí ọmọ ogún ọdún. Nígbà tó yọ sí ibùdókọ̀, ọkọ̀ ti wọlé, ó ti dúró. Ọ̀gá ibùdókọ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ní ìparí ọkọ̀ lọ́hùn-ún ni gáàdì wà, ẹni tó ń pàṣẹ kí ọkọ̀ gbéra. Ó yọrí síta, ó mú àsíá aláwọ̀ ewé dání, ó ń wo ibùdókọ̀ láti mọ̀ bóyá gbogbo nǹkan ti tán.

Sànúsí ṣe ohun tó mọ̀. Ó dúró ṣinṣin, ó wo ojú gáàdì, ó na ọwọ́ kan sókè tàntàn, àtẹ́lẹwọ́ ní ṣíṣí. Kò mì. Kò pariwo. Ọwọ́ yẹn ti dá irin tọ́ọ̀nù mẹ́ta dúró lójú òfúrufú rí.

Gáàdì rí ọkùnrin tó wọ kàkí. Ó rí ọwọ́ rẹ̀. Ó mi orí pé òun ti rí i, ó ju àsíá aláwọ̀ ewé, ó fọn fèrè. Ọkọ̀ gbéra.

Sànúsí kò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó túbọ̀ nà án. Gáàdì tilẹ̀ kí i bó ṣe ń bọ̀.

Ìgbà náà ni Àdùfẹ́ já jáde nínú koríko, sálúbàtà lọ́wọ́. Ó rí ọkọ̀ tó ń lọ, ó rí ọkọ rẹ̀ tó dúró. "Ẹ gùn ún! Bàbá Ṣìkẹ́mi, ẹ gùn ún, ẹ máa lọ! Orúkọ yín! Ẹ fi mí sílẹ̀!"

Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tó kẹ́yìn ń bọ̀ níwájú rẹ̀, kò yára ju ìrìn ènìyàn lọ. Irin tí wọ́n ń dì mú kọjá ní ìwọ̀n apá kan sí i. Ó lè dì í mú. Ó bojú wẹ̀yìn. Igbó ni, àti ibùdókọ̀ kan, àti obìnrin tí kò wọ bàtà, tí ilẹ̀ yóò ṣú bá níbẹ̀. Irin náà kọjá lọ.

Nígbà tí ariwo ọkọ̀ tán, Àdùfẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kó dúró."

"Báwo lẹ ṣe wí i?"

Ó na ọwọ́ sókè. Àdùfẹ́ wo ọwọ́ náà títí, lẹ́yìn náà ló rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọwọ́ kan. Ọwọ́ kan sókè, 'ó ti parí, máa lọ' ni lọ́dọ̀ reluwé. Ọwọ́ méjèèjì ni 'dúró'. Kò sí ọmọdé ibí tí kò mọ̀ ọ́n. Kàkí tí ẹ wọ̀ yìí ló jẹ́ kó fi yín pe òṣìṣẹ́ wọn."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ta ló mọ̀ pé ẹ máa wá bá reluwé sọ̀rọ̀? Ẹnu yín wá ńkọ́? Ẹ ò lè pariwo?"

Sànúsí sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Wọ́n rìn dé ojú títì. Ọkọ̀ agbégẹdú kan gbé wọn dé Abẹ́òkúta, wọ́n sì jókòó sí gáréèjì títí ọkọ̀ àkọ́kọ́ fi kún. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni Sànúsí dé géètì. Koríko gbígbẹ ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀.

Tábìlì kan ló wà níbẹ̀. Linus, akọ̀wé, ló jókòó sídìí rẹ̀, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Oghenemaro dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ sí káàdì tirẹ̀ láti aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọlé.

"Mo pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta," ni Linus wí, láìgbójú sókè.

"I tell am, ẹ̀gbọ́n," ni Oghenemaro wí. "Mo ní ẹ̀ ń bọ̀. Mo búra."

"'Ó wà' tàbí 'kò sí' ni àyè tó wà nínú ìwé. Kò sí 'ó ń bọ̀'." Linus ṣí báírò. "Wọ́n ní kí n kọ ìdí. Níbo lo lọ?"

Sànúsí lè parọ́. Ara ọmọ ń gbóná, ìyá kú ní Ìkirè: géètì yẹn ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí, ó sì máa ń gbà wọ́n nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí irọ́ wà.

"Mo gbé ìyàwó mi lọ wo odò ní Olókèméjì. Reluwé fi wá sílẹ̀."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Mẹ́rin nínú wọn ti wà nísàlẹ̀ ihò ọkọ̀ rí, tí ẹrù wà lókè orí wọn, tí ọwọ́ Sànúsí nìkan ló sì dá a dúró. Àwọn náà rẹ́rìn-ín.

"Baba yìí rọra ń gbádùn," ni ọ̀kan wí.

Linus fa ìlà kan ṣoṣo la orúkọ náà já. Sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì: *Ó gbafẹ́*. Ó fẹnu fẹ́ yíǹkì rẹ̀ kí ó lè gbẹ.

"Ọdún mọ́kàndínlógún," ni Oghenemaro wí. "Linus, ọdún mọ́kàndínlógún o!"

"Wọ́n ti ní kí ẹni tó ti tẹ òǹtẹ̀ wọlé," ni Linus dáhùn. "Àbí ìwọ náà fẹ́ gbafẹ́?"

Oghenemaro wọlé. Ó níyàwó, ó bí mẹ́rin. Sànúsí gba ọ̀nà Coconut, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé máa ń dúró sí, padà sílé. Oṣù tó tẹ̀ lé e, níbẹ̀ ló ti ń fọ táyà fún àwọn awakọ̀ àjàgbé, ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ láti àárọ̀. Àdùfẹ́ kò sọ̀rọ̀ odò mọ́. Nígbà tí àwọn ará ilé bi í bí omi náà ṣe rí, ó ní kò yàtọ̀ sí omi.

Ìwọ tí o ń ka èyí, ìwọ náà ti gbafẹ́ rí, ẹnikẹ́ni kò sì pa orúkọ rẹ rẹ́. Lónìí, kì í ṣe lọ́la, lọ bá ẹni tó ń mú ìwé orúkọ dání níbi iṣẹ́ rẹ. Bi í léèrè orúkọ àwọn tó fa ìlà lé lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì ní kó ka ìdí rẹ̀ sókè fún ọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má ṣe kúrò níwájú tábìlì rẹ̀ títí yóò fi kà á tán.