Orúkọ Tí Ìyàwó Mi Kò Fẹ́ Pè

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kì í lè jókòó pẹ́ lójú kan. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan, màá dìde, màá lọ wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò, màá tún padà wá. Àìbalẹ̀ ara yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ó ti bá mi gbé rí, nígbà tí owó epo rọ̀bì kún ìlú, tí a ń wá ìwé àṣẹ ìgbélùú fún un.

Kétu ni wọ́n ti bí i, ní ilẹ̀ Dàhómì. Èmi wá láti apá Ọ̀yọ́, mo sì ń ṣe tíṣà ní Ìsọlọ̀. Èdè wa kò jìnnà síra, ilà ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, síbẹ̀ àlejò ni òfin pè é. Ọ̀rọ̀ náà kì bá tí ká wa lára tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ọmọ. Ó ti bí ọmọbìnrin kan fún ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, tó ti kú, ó sì fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kétu nígbà tí a fẹ́ra. Ìyá náà ti ń darúgbó. Nígbà tó mú ọmọ náà ń bọ̀ wá bá wa, àwọn aṣọ́bodè dá wọn padà. Wọ́n ní kí ìyá ọmọ kọ́kọ́ gba ìwé tirẹ̀ ná, kó tó ránṣẹ́ pe ọmọ.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ lọ́yà nìyẹn. Òkè pẹtẹ́ẹ̀sì kan ló ń lò ní Òṣòdì, nítòsí ojú irin. Bí rélùwéè bá ń kọjá, a ó pa ọ̀rọ̀ tì títí yóò fi lọ tán. Èrò máa ń kún ibẹ̀ dé orí àtẹ̀gùn: télọ̀ ará Tógò, tíṣà ará Gánà, bíríkìlà láti Kútọnu. Gbogbo wọn ló ń wọ́ wá sí Èkó nítorí pé owó wà, kò sì sí ẹni tí kò fi ẹnìkan sílẹ̀ nílé.

"Tíṣà," ni lọ́yà wí fún mi, "ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fẹ́ra lórí ìwé lásán báyìí. Wọ́n á bi yín léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Irú bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ń sùn, ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo ẹ̀ pátá."

Ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n á bèèrè ẹni tó ń hanrun náà?"

"Bí wọ́n bá bèèrè, ẹ sọ òótọ́," ni lọ́yà dá a lóhùn.

"Èmi kọ́ o," ni mo wí. Àwọn méjèèjì fi mí rẹ́rìn-ín.

A múra títí, ó mọ ohun gbogbo lórí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ronú kan orúkọ mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Èkó kan tó wọ táì ló jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n ní kí n dúró síta, lọ́yà nìkan ló bá ìyàwó mi wọlé. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ wọn.

"Kí lorúkọ ọkọ yín?"

Mo gbọ́ tí ìyàwó mi wúkọ́.

"Mo ní kí lorúkọ ọkọ yín, mà?"

"Ọkọ mi ni wọ́n, sà. Wọ́n wà níta."

"Mo mọ̀ pé wọ́n wà níta. Kí là ń pè wọ́n?"

"Àwọn tó bí wọn ló ń pè wọ́n lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá mi pè é."

"Ṣé lọ́yà lọkọ yín ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tèmi, láti òkè pẹtẹ́ẹ̀sì ló ti ń pariwo orúkọ mi, gbogbo àdúgbò á gbọ́!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà," ni ìyàwó mi dá a lóhùn.

Lọ́yà ṣàlàyé títí pé àṣà ni, pé obìnrin tí a kọ́ nílé kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Òṣìṣẹ́ náà ní obìnrin tí kò lè dárúkọ ọkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ni wọ́n lè háyà wá ṣe ọkọ rẹ̀. Ó ní kí a padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun yóò ti fáìlì náà pa.

Oṣù yẹn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa sinmi. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, màá fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀nà Òkè-Àfà láìní ẹni tí mo fẹ́ rí, màá tún padà. Òun ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá. Ó ń rán aṣọ fún ọmọ náà, ó sì ń tú u, nítorí kò mọ bí ọmọ ṣe ga tó mọ́.

"Èmi tí mo ni orúkọ ti ní kó o pè é," ni mo wí fún un.

"Ìyá mi ò pe orúkọ bàbá mi títí bàbá fi kú. Ṣé kí n wá máa pè yín bí ẹni ń pe ọmọ tó lọ pọnmi?"

"Nítorí ọmọ rẹ ni."

"Mo mọ̀ pé nítorí ọmọ mi ni!"

Ìyá onílé wa, tó ń gbọ́ wa láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ké wọlé pé, "Ìyàwó Tíṣà, pè é jàre! Èmi, èébú ni mo fi ń pe tèmi, kò sì tíì kú!" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà omi ojú nìkan ló kù.

Nígbà tí a padà lọ, lọ́yà bẹ̀ wọ́n kí n wọlé. Òṣìṣẹ́ náà tún bèèrè. Ìyàwó mi dìde lórí àga, ó kọjú sí mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí," ó ní. Ó sì pe orúkọ mi, tòun ti orúkọ bàbá mi, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ ti Kétu. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, mi ò sì tún gbọ́ ọ mọ́ títí ó fi kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ dìde, mà," ó sì fa fáìlì náà mọ́ra.

Ìwé náà jáde. Ìyá rẹ̀ mú ọmọ wá, a sì lọ pàdé wọn ní gáréèjì Òṣòdì. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí ìyàwó mi bí a ti ń kí àlejò, ó sì sá sẹ́yìn ìyá àgbà, ẹni tó ń pè ní Ìyá láti kékeré.

Nígbà tí a délé, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ náà. Ó wo ìyàwó mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, omi."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi gbé ọwọ́ sókè sí mi.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Ohun tó bá wù ú ni kó máa pè mí. Ó ti dé."

Ó bu omi fún un, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.